Ìdí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tó ń lo oògùn ADHD lemọ́lemọ́

Lẹ́tà kékeré kan ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ó wá láti kílíníìkì, ó ní kí ẹ mú ọmọ wá kí wọ́n wọn gíga rẹ̀, kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì yẹ BP rẹ̀ wò, nítorí oògùn tó ń lò fún ADHD, ìyẹn ipò tí kì í jẹ́ kó rọrùn fún ọmọ láti fọkàn sí nǹkan pẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò tí ì ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Láàárín àwa Yorùbá tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ tí àwọn òbí ń gbà túmọ̀ lẹ́tà yìí. Àwọn kan ní ẹ̀rí nìyẹn pé oògùn náà ń ba ọmọ jẹ́, àwọn dókítà kàn ń fi pamọ́ ni. Àwọn kan ní social services, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé, ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá à ń fún ọmọ lóúnjẹ. Àwọn tó kù kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, wọ́n kàn ń gbàgbé láti lọ.

Ìròyìn kan tún wá dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. FDA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ, ní kí àwọn tó ń ṣe irú oògùn ADHD kan kọ ìkìlọ̀ síwájú sí i nípa bí ọmọdé ṣe lè rù. Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ di “wọ́n ti fòfin dè é” lórí WhatsApp. Wọn kò fòfin de nǹkan kan. Ohun tí ìkìlọ̀ náà sọ ni pé oògùn tó máa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè mú kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 6 rù gan-an, torí pé ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju bó ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ. FDA kò sì fìgbà kan fọwọ́ sí irú oògùn yìí fún ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ò rí àṣírí kankan nínú òṣùwọ̀n yẹn. Tí ẹ bá wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan. Àfi tí ẹ bá wọ̀n ọ́n léraléra, tí ẹ wá fi ti àná wé ti òní.

Oògùn wo là ń sọ gan-an?

ADHD ni orúkọ tí wọ́n ń pe ipò kan tí ọpọlọ ọmọ kì í jẹ́ kó rọrùn fún un láti fọkàn sí ohun kan pẹ́, láti jókòó jẹ́ẹ́, tàbí láti ronú kó tó ṣe nǹkan. Kì í ṣe àìgbọràn, kì í sì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní i ló ń lo oògùn. Fún àwọn tó ń lò ó, oríṣi méjì ló wà.

Oríṣi àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń ta ọpọlọ jí. Methylphenidate ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, òun ló wà nínú Ritalin, Concerta àti Medikinet. Òmíràn ni lisdexamfetamine, tí wọ́n ń tà lórúkọ Elvanse nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Vyvanse ní Amẹ́ríkà. Oríṣi kejì kì í ta ọpọlọ jí: atomoxetine wà níbẹ̀, àti guanfacine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Intuniv. Oògùn tuntun kọ́ ni gbogbo wọn o. Ọdún 1944 ni Leandro Panizzon ti ṣe methylphenidate ní ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland, orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ló sì fi sọ Ritalin. Àwọn dókítà ti ní àkókò tó pọ̀ láti mọ ibi tí oògùn yìí máa ń fọwọ́ kàn lára ọmọ.

Oògùn tó ń ta ọpọlọ jí máa ń mú kí èròjà méjì, dopamine àti noradrenaline, pọ̀ sí i láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí agbára láti fọkàn sí ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n noradrenaline kì í gbé inú ọpọlọ nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ lára ọkàn, ó ń ṣiṣẹ́ lára iṣan ẹ̀jẹ̀, òun àti ìkejì rẹ̀ sì lọ́wọ́ nínú bí ebi ṣe ń pa èèyàn. Oògùn tí a torí ìfọkànsí gbé mì kò ní ṣàì kan ikùn àti ọkàn. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n, ibí yìí ló ti ṣẹ̀ wá.

Kí ni wọ́n ń béèrè kí ọmọ tó gbé ẹyọ kan mì?

Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wọn gíga rẹ̀ àti bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n á yẹ BP rẹ̀ wò, wọ́n á sì ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Èyí ni wọ́n máa fi wé gbogbo èyí tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè: ṣé ọmọ ti dákú rí níbi tó ti ń sáré? Ṣé àyà máa ń dùn ún? Ṣé èémí rẹ̀ máa ń tètè já ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣé wọ́n bí i pẹ̀lú àìsàn ọkàn, tàbí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un? Ṣé ẹnì kan nínú ìdílé kú lójijì kó tó pé ọdún 40?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló máa ń há sí wa lọ́fun. Nínú ìdílé Yorùbá, ikú òjijì kì í sábà wà láìní ìtumọ̀. Ọmọkùnrin tó ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù tí kò dìde mọ́, ayé ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n tó sùn tí kò jí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Tí dókítà bá wá béèrè bóyá àìsàn ọkàn wà nínú ìdílé, ìyá á ní “Rárá o, kò sí,” kò sì purọ́, torí lójú tirẹ̀ ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Kò pọn dandan kí ẹ bá dókítà jiyàn lórí ohun tó pa á. Ẹ kàn sọ ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe bá ọmọ tan, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń tẹ̀ lé ìdílé, tí ara ẹni tó ní i á dá ṣáṣá títí di ọjọ́ tó bá gbé e ṣánlẹ̀. Tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá wà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọmọ ránṣẹ́ sí dókítà ọkàn kí wọ́n tó pinnu. Ẹ pe àwọn àgbà nílé kí ọjọ́ yẹn tó pé, torí àwọn ló mọ ìtàn.

Ẹ sọ gbogbo oògùn míì tí ọmọ ń lò pẹ̀lú, àgbo náà wà lára rẹ̀. Tí ọmọ bá ní sickle cell, ẹ má rò pé ó ti wà nínú fáìlì, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́.

Ìwọ̀n àti gíga: kí ni wọ́n ń wá?

NICE ni ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní England. Oṣù Kẹta ọdún 2018 ló gbé ìlànà ADHD tí wọ́n ń tẹ̀ lé báyìí jáde. Ó ní kí wọ́n máa wọn gíga ọmọ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ti bó ṣe tẹ̀wọ̀n, ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni. Èyí tó bá ti ju ọdún 10 lọ, wọ́n á gbé e lé òṣùwọ̀n ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò di oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ ti rí i pé lẹ́tà oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe fún ọmọ yín nìkan.

Ìdí rẹ̀ ni oúnjẹ. Nígbà tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ebi kì í sábà pa ọmọ. Oúnjẹ tí ẹ dì fún un lọ sílé-ìwé á padà délé bó ṣe lọ. Nígbà tó bá fi máa di alẹ́, tí oògùn ti ń lọ lára rẹ̀, ọmọ tó ní òun yó lọ́sàn-án á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí alẹ́ yẹn kò bá dí ohun tó sọnù lọ́sàn-án, kílò á máa lọ sílẹ̀. Tí èyí bá sì pẹ́, gíga náà lè fà sẹ́yìn.

Ohun tó máa ń da òbí láàmú jù nínú ìwé kílíníìkì ni ìlà tí wọ́n ń pè ní centile. Ẹ jẹ́ ká to ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ sórí ìlà ní pápá ilé-ìwé, kí ẹni tó kúrú jù wà níwájú, kí ẹni tó ga jù wà lẹ́yìn pátápátá. Tí ọmọ yín bá wà ní ipò kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti iwájú, centile 25 nìyẹn. Kì í ṣe máàkì ìdánwò. Ẹni tó wà ní 9 kò fìdí rẹmi, ẹni tó wà ní 91 kò gba ipò kìíní. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò ni bóyá ọmọ ń di ipò rẹ̀ mú lórí ìlà yẹn bí ọdún ti ń lọ. Ọmọ tó wà ní 50 kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó di 25, tó tún di 9, ó ṣì ń ga o. Bàtà rẹ̀ àtijọ́ kò wọ̀ ọ́ mọ́, ṣòkòtò rẹ̀ ti kúrú, àwọn ará ilé sì ń sọ pé ó ń dàgbà. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó ń bá a gbé lójoojúmọ́ kò lè rí èyí, torí ojú ti mọ́ ọn. Ìwé tí wọ́n ń fi àmì sí ló lè rí i, kò sì lè rí i tó bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀.

Ṣé ó máa ń pọ̀? Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní MTA, tí àbájáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1999, kó ọmọ 579 jọ, wọ́n sì tọ púpọ̀ nínú wọn títí wọ́n fi dàgbà. Ní ìpíndọ́gba, àwọn tó lo oògùn náà, yálà láìdáwọ́ dúró tàbí wọ́n ń dá a dúró nígbà míì, fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ kúrú ju àwọn tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó lọ. Mi ò ní sọ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan. Ọmọ tí kò lè kàwé, tí kò lè ní ọ̀rẹ́, tó ń sáré já títì láìwo ọ̀tún wo òsì, ohun tó ń pàdánù náà tóbi. Òbí ló máa gbé méjèèjì yẹ̀ wò. Ẹ sì rántí pé ìpíndọ́gba máa ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀: ọmọ kan lè má pàdánù rárá, kí òmíràn pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí ẹlòmíì kò lè sọ èwo ni tiyín.

Guanfacine yàtọ̀. Ní tirẹ̀, ọmọ lè máa sanra ju bó ṣe yẹ lọ, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n á sì fi mọ̀.

Kí la lè ṣe sí i nílé?

Tó bá jẹ́ oògùn tó ń dín ebi kù lọmọ ń lò, ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lò ó, tàbí kó lò ó pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Oúnjẹ àárọ̀ yẹn ló yẹ kó ní láárí: ògì tí wọ́n da mílíìkì ọlọ́ràá sí dáadáa, àkàrà, ẹyin dídín, búrẹ́dì tí ẹ fi bọ́tà ẹ̀pà sí. Ní ọ̀sán, ẹ má bá a jà. Ohun kékeré tó lókun nínú sàn ju abọ́ ńlá tí kò ní fọwọ́ kàn lọ.

Alẹ́ wá ni tiwa. Nínú ilé Yorùbá, ọmọ tó kọ oúnjẹ lọ́sàn-án tó wá ń béèrè oúnjẹ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọ̀rọ̀ ni yóò fi jẹ ẹ́. Fún ọmọ yìí, ẹ gbàgbé òfin yẹn. Ẹ gbé oúnjẹ fún un, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì lálẹ́ ọjọ́ náà, tí kò bá ṣáà ti dí oorun rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn ìyá àgbà kan á máa ṣògo nílé pé ọmọ tó gbẹ wá láti London sanra lọ́dọ̀ àwọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì máa bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń fún un jẹ lọ́hùn-ún. Àmàlà ṣe tirẹ̀, a ò jiyàn. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kò fún ọmọ ní oògùn lásìkò ìsinmi náà, ebi sì padà dé. Àwọn dókítà mọ èyí. NICE gan-an sọ pé tí oògùn bá ti fa gíga ọmọ sẹ́yìn gan-an, wọ́n lè ṣètò kí ó sinmi oògùn nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, kí ara lè lé ohun tó pàdánù bá. Kí wọ́n ṣètò rẹ̀ ni mo wí. Dókítà tún lè yí àkókò tí ọmọ ń lo oògùn padà, ó lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lè ní kí ẹ lọ bá onímọ̀ oúnjẹ. Ní ti social services tó ń bà wá lẹ́rù: kílò tó lọ sílẹ̀ nítorí oògùn yìí jẹ́ ohun tí kílíníìkì ti ń retí. Òbí tó ń mú ọmọ wá bí wọ́n ṣe pè é ń fi hàn pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí wọn kò rí fún ọdún kan ló máa ń kọ wọ́n lóminú.

BP àti bí ọkàn ṣe ń lù ńkọ́?

Oògùn tó ń ta ọpọlọ jí máa ń gbé BP ọmọ sókè díẹ̀, nǹkan bíi 1 sí 4 ní ìpíndọ́gba, ó sì máa ń mú kí ọkàn yára díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ tí tiwọn lọ sókè gan-an ni wọ́n ń wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó yí ìwọ̀n oògùn padà, lẹ́yìn tí wọ́n bá yí i padà, àti lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ má fi 120/80 tí a mọ̀ fún àgbàlagbà wọn ọmọ. Ọjọ́ orí, gíga, àti bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n fi ń mọ èyí tó bá ọmọ mu. 118 tó dára lára bàbá lè ga jù fún ọmọ ọdún 6. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ ọn lápá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọdé, kó sì jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọmọ tó sáré gun àtẹ̀gùn wọlé, tó ń bá àbúrò rẹ̀ ja lórí àga, òǹkà rẹ̀ kò ní sọ òótọ́. Tí ọkàn ọmọ bá ń lù ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sì rọlẹ̀, tàbí tí lílù rẹ̀ kò bá dọ́gba, tàbí tí BP rẹ̀ bá ga ju ti ọmọ 95 nínú 100 lọ lẹ́ẹ̀mejì, NICE ní kí wọ́n dín oògùn kù, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ti guanfacine tún yí padà sódì: ó ń fa BP wálẹ̀, ó ń mú kí ọmọ máa tòògbé. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láé, torí BP lè fò sókè. Tí ọmọ bá ti pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ méjì léra, ẹ pe kílíníìkì kí ẹ tó tún fún un.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, àyẹ̀wò tí wọn kò bá fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò. NICE ní kò sí ìdí láti máa fa ẹ̀jẹ̀ tàbí láti máa ya ECG (àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù) fún gbogbo ọmọ tó ń lo oògùn yìí, àfi tí àmì kan bá wà.

Kí ni òṣùwọ̀n kò lè rí?

Oorun tí kò tètè wá. Ojú tó ń ṣẹ́, tàbí ejìká tó ń fò lójijì láìjẹ́ pé ọmọ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ aláwàdà tó wá dákẹ́ rọ́rọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe pé oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí àwọn kan ṣe máa ń rò, ó lè jẹ́ pé ó pọ̀ jù. Ẹ̀yin àti olùkọ́ rẹ̀ nìkan lẹ lè mú ìròyìn yìí lọ.

Ta ló yẹ kó wọ̀n ọ́n?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà àgbà tó mọ̀ nípa ADHD ló ń bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nígbà tí ọmọ bá ti fìdí múlẹ̀ lórí ìwọ̀n kan, GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, á gba kíkọ oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa bójú tó o. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ọmọ máa ń bọ́ sí: GP rò pé kílíníìkì ti wọ̀n ọ́n, kílíníìkì rò pé GP ni. Ẹ bi wọ́n ní tààrà ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ sì ra ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́, kílò, gíga, BP, orúkọ oògùn àti bó ṣe pọ̀ tó sí. Nígbà tí oògùn ADHD ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjọba fi ìkìlọ̀ síta ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní láti pààrọ̀ oògùn. Tó bá jẹ́ pé owó ara yín lẹ fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò ADHD, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá GP yín á gba ìtọ́jú náà mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà.

Ẹni tó bá ń mú ọmọ lọ sílé fún ìsinmi, kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà dání, torí òfin ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn yìí. Fún àwọn tó ń gbé nílé, ẹ̀ka ọmọdé ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá wà ní Òṣòdì, UCH ní Ìbàdàn náà sì ní àwọn dókítà ọpọlọ fún ọmọdé.

Ìgbà wo ni kò yẹ kí ẹ dúró de ọjọ́ àdéhùn?

Tí ọmọ bá dákú níbi tó ti ń sáré, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí gìrì gbé e, ẹ pe 999 tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ wà. Ọmọkùnrin tí okó rẹ̀ le tó sì ń dùn ún, tí kò rọ̀ bọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú tì í. Tí ọmọ tó ń lo atomoxetine bá ní ojú pípọ́n bí ti ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Tí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣe ara rẹ̀ léṣe, lórí oògùn yòówù, ẹ má fi sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì pe 111, tàbí 999 tí ẹ bá rò pé ó ti fẹ́ ṣe é.